Bàbá Gún-Régé àti Òkúta Tó Dìde

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó yà mí lẹ́nu jù: òkúta lè dìde. Mo fi ojú ara mi rí i. Òkúta pẹlẹbẹ kan tí ọkùnrin méjì ń gbé tí ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, ohun tó rọ̀ bí ọṣẹ tó ń hó ló gbé e kúrò nílẹ̀, láìpariwo, láìlàágùn. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ara mi ṣì ń yá gágá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkúta ni mo fẹ́ ròyìn. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ ni.

Bírìkìlà ni. Ọdún mẹ́tàlélógójì ló fi mọ ògiri kó tó di pé orúnkún rẹ̀ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Bàbá Gún-Régé ni gbogbo wa ń pè é, nítorí pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo ohun tó bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀: “Ṣé ó gún régé?” Ó ń bi ògiri, ó ń bi tábìlì, ó ń bi àwòrán tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri yàrá dókítà. Ìwọ̀n kékeré kan kì í kúrò nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, irú èyí tó ní gíláàsì tóóró tí omi wà nínú rẹ̀, tí hóró afẹ́fẹ́ kan ń sá kiri nínú omi náà. Bí hóró náà bá dúró sáàárín, Bàbá á rẹ́rìn-ín músẹ́. Bó bá sá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ sáré. Lọ́jọ́ kan tó wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó gbé ìwọ̀n yẹn lé tábìlì tí mo ti ń kọ káàdì, ó sì ká páálí sí mẹ́rin, ó tì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà kó tó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ni mo ti ń kọ káàdì. Fèrèsé mi ṣí sí àgbàlá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà. Bẹ́ǹṣì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, igi kan, àti adágún omi kékeré kan tí kò ju ibùsùn ènìyàn méjì lọ, tí ẹja pupa méje wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn adágún náà ni òkúta wà ní ipele mẹ́ta bí àtẹ̀gùn, kí pọ́ǹpù lè máa fa omi lọ sókè, kí omi sì máa já bọ́. Bàbá Gún-Régé ló ṣe é, ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í wá jókòó tì í, yálà ó ní àìsàn tàbí kò ní.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń wá níbẹ̀.

“Ilé mélòó lo rò pé mo ti kọ́?” ó ní.

“Mi ò mọ̀, Bàbá.”

“Èmi náà ò mọ̀. Bí mo bá kọ́ ọ tán, ẹlòmíì á fi pílásítà bò ó, ẹlòmíì á kùn ún lọ́dà. Àwọn èèyàn á wá dúró lójú títì, wọ́n á ní, ‘Ẹ wo ọ̀dà!’ Bírìkì ló gbé ilé dúró, ọ̀dà ló gba ìkíni. Ibí yìí nìkan ni iṣẹ́ mi wà láìwọ aṣọ. Ibí yìí nìkan ni èèyàn ti ń jókòó wò ó.”

Mo pa káàdì tí mo ń kọ tì, èmi náà wo òkúta náà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé omi kò já bọ́ mọ́. Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, a ń gbọ́ bó ṣe ń kùn, ṣùgbọ́n omi tó bá dé òkè kì í gba orí òkúta kọjá. Sìmẹ́ǹtì àárín àwọn òkúta ti là. Omi kì í sì í ṣe agídí: ibi tó bá rọrùn ló ń gbà. Ó ń rá pálá gba abẹ́ òkúta, ó ń bọ́ sẹ́yìn rọ́bà dúdú tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ sì ń mu ún. Láàárọ̀, adágún á ti fà dé àárín, ẹ̀yìn ẹja á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yọ síta. Olùtọ́jú àgbàlá á tún fa ọ́ọ̀sì láti ara táǹkì, á tún bù sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì wa, jáde bá Bàbá nídìí adágún. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń wọni lára.

“Bàbá, ẹ má bínú. Omi táǹkì yìí la fi ń fọ aṣọ ibùsùn. Lánàá, a ò rí omi fọ aṣọ. Àwọn ẹja yín ti mu omi tán.”

“Mátírọ́ọ̀nù, ẹja kì í mu tó yẹn.”

“Ta ló wá ń mu ún?”

Bàbá wo ilẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń mu ún.

“Lọ́rì yẹ̀pẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì,” ni Mátírọ́ọ̀nù wí. “A fẹ́ dí i, ká fi bẹ́ǹṣì méjì kún bẹ́ǹṣì tó wà.” Ó wo ojú Bàbá, ohùn rẹ̀ sì tún rọlẹ̀ sí i. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì kan lápò, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìlà sára òkúta etí adágún. “Ó dáa. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì pọn omi dé ibí yìí lọ́jọ́bọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, màá wá wò ó. Bó bá fi ju ìbú ìka mi kan lọ sísàlẹ̀ ìlà, ẹ jẹ́ ká gbà pé ó ti ṣe tirẹ̀ láyé.”

Bàbá ní ìyàwó ọmọ kan, “ìyàwó mi” ló sì ń pè é. Iṣẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni obìnrin náà ń ṣe. Òun ló máa ń gbé férémù sínú ògiri, àlàfo tó bá sì kù láàárín férémù àti ògiri, fóòmù inú agolo ló fi ń dí i. Ẹ ti rí i rí: wọ́n á mi agolo, wọ́n á tẹ ẹnu rẹ̀, nǹkan á tú jáde bí ọṣẹ, á wú, á sì gan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn ló yà wá gbé Bàbá lọ sílé, tòun ti àpò iṣẹ́ rẹ̀. Ó dúró, ó fi ọwọ́ sínú àlàfo tó wà lábẹ́ òkúta òkè pátápátá, èyí tí Bàbá ń pè ní Ètè torí pé etí rẹ̀ ni omi gbọ́dọ̀ gbà já bọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wọlé títí dé ọrùn-ọwọ́.

“Bàbá wa, ẹ jẹ́ ká fi fóòmù dí i.”

“Fóòmù? Ṣé kí òkúta lè máa sùn dáadáa?” Ó mọ èyí tí ìyàwó rẹ̀ ń wí, ó kàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

“Kó lè máa kún àlàfo ni. Omi ò ní ríbi gbà lábẹ́, á wá di dandan fún un kó gun orí òkúta.”

“Ìyàwó mi, ilé mélòó ni fóòmù ti gbé dúró?”

“Kò gbé ọ̀kan dúró, Bàbá wa. Àmọ́ òjò ò tíì gba ẹ̀gbẹ́ férémù mi wọlé rí.”

Mo fi káàdì bo ẹnu kí Bàbá má baà rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó kó agolo mẹ́rin kalẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó ní òun ní iṣẹ́ níbòmíì lọ́la, Ọjọ́rú lòun máa ráyè. “Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ẹ dúró dè mí.” Ká ní kò sọ gbólóhùn yẹn ni, bóyá ìtàn yìí ì bá má ti ṣẹlẹ̀.

Èmi ní tèmi, kí n tó délé, mo ti ń kà nípa fóòmù lórí fóònù. Ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan ńlá ni! Omi ló ń mú un gan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká kọ́kọ́ bu omi wọ́n òkúta. Oòrùn ló lè pa á, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Bí ó bá sì ti gan tán, tí wọ́n ṣan ibẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ẹja ní nǹkan kan. Àwọn tó ń ṣe adágún sínú ọgbà kiri ayé ti ń lò ó tipẹ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ó lè wú di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ohun tí ẹ fún sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èrò kún iwájú fèrèsé mi. Mo kàn gbé ojú sókè báyìí, mo rí Bàbá Gún-Régé pẹ̀lú agolo lọ́wọ́ òsì, ṣíbí bírìkìlà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ti kó ẹja sínú bàsíà, ó ti ha gbogbo sìmẹ́ǹtì tó là kúrò, òun àti olùtọ́jú àgbàlá sì ti gbé Ètè kúrò nílẹ̀.

“Bàbá!” mo kígbe. “Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ní ká máa fún un o! Ó ń wú!”

“Kọ káàdì rẹ!”

Mo kọ káàdì mi. Ṣùgbọ́n mò ń yọjú. Ohun tí bírìkìlà gidi máa ń ṣe ló ń ṣe. Òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ wọn ni pé àlàfo kan kò gbọ́dọ̀ ṣófo: ẹ kún un dé ẹnu, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ fi ṣíbí rẹ́ ojú rẹ̀ kó dán. Bàbá kún abẹ́ Ètè dé ẹnu. Wọ́n gbé òkúta lé e. Ó gbé ìwọ̀n lé e: ó gún régé. Ó kún gbogbo àárín àwọn òkúta yòókù, ó rẹ́ ẹ títí ó fi dán bí ojú àwo. Ọwọ́ lásán ló sì fi ń ṣe é, kò wọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, ó fi ṣíbí ti ara òkúta kan, ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, ó wá síbi fèrèsé mi.

“Ṣé o rí i? Kí wọ́n pè é ní sìmẹ́ǹtì, kí wọ́n pè é ní fóòmù, ọwọ́ ni iṣẹ́.”

Ó lọ sílé pẹ̀lú orin lẹ́nu.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni òkúta dìde. Kí n ṣàlàyé ohun tí mo bá níbẹ̀. Nǹkan aláwọ̀ ìyeyè ti wú jáde láti gbogbo ojúhò bí búrẹ́dì tó kọjá ẹnu páànù rẹ̀. Ó ti yí òkúta ká, ó ti gun orí wọn. Ṣíbí Bàbá dúró ṣánṣán nínú ọ̀kan nínú rẹ̀, ọwọ́ igi rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ètè ńkọ́? Iwájú Ètè ti gbéra sókè tó ìka kan gbáko!

Bàbá ti débẹ̀ ṣáájú mi. Ó gbé ìwọ̀n lé Ètè. Hóró afẹ́fẹ́ sá lọ síwájú, ó lẹ̀ mọ́ ìpẹ̀kun gíláàsì. Ó bu omi díẹ̀ sínú adágún, ó tan pọ́ǹpù. Omi gòkè, ó dé ìdí Ètè, ó wò ó, ó sì pẹ̀yìn dà. Ó ṣàn gba ẹ̀yìn rọ́bà lọ sínú ilẹ̀, ní kíkún, láìfi ẹ̀kán kan ta iwájú. Ohun tó ń jò tẹ́lẹ̀ ti wá di odò.

Bàbá pa pọ́ǹpù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

“Kò gún,” ó ní.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé, Bàbá ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

“Ẹ kú àárọ̀, Bàbá wa. Kí lẹ kó sápò?”

“Ọwọ́ mi ni.”

“Ẹ mú un jáde kí n kí i.”

Ó mú un jáde. Gbogbo ìka rẹ̀ ló ti dúdú, bí fóòmù ṣe máa ń ṣe ọwọ́ tí kò wọ ìbọ̀wọ́. Ó ní òun ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, òun ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, òun ti fi òkúta ha á. Ìyàwó rẹ̀ wo ọwọ́, ó wo òkúta, ó wá rí ṣíbí tó dúró ṣánṣán.

“Bàbá wa, ṣé ṣíbí yín ló hù síbẹ̀ yẹn?”

“Ó hù.”

“Ẹ máa bomi rin ín, á so.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà bá a rín in. Bàbá ò rín.

“Ìyàwó mi, rọra. Ọ̀tunla ni lọ́rì.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti na ọrùn jáde lójú fèrèsé. “Ògiri tí mo mọ, wọ́n ti wó àwọn kan, wọ́n ti fi pílásítà bo ìyókù. Bí wọ́n bá da yẹ̀pẹ̀ sí ibí yìí, kò sí ohun tí ọwọ́ yìí ṣe tí ẹnikẹ́ni á tún fojú rí. Á wá dà bíi pé mi ò wáyé rí.”

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyàwó. Ó gbé àpò kúrò léjìká, ó kúnlẹ̀ nídìí òkúta.

“Bàbá wa, àṣìṣe bírìkìlà gidi lẹ ṣe. Ẹni tí kò mọṣẹ́ ò lè kún un dáadáa tó báyìí. Sìmẹ́ǹtì máa ń sún kì ni, ìyẹn ló sì ti mọ́ yín lára. Fóòmù ń wú ní tiẹ̀. Àyè lẹ máa fi sílẹ̀ fún un.”

“Kí n fi àlàfo sílẹ̀?” Bíi pé wọ́n ní kó jáde láìwọ ṣòkòtò.

“Ẹ fi àlàfo sílẹ̀, òun ló máa wá bá a.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó fi ayùn gé e, Bàbá fi ọ̀bẹ búrẹ́dì tí mo lọ yá nílé ìdáná gé e. Fóòmù tó gan tán ń gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ọṣẹ. Wọ́n gbé Ètè kúrò, wọ́n ha abẹ́ rẹ̀. Ìyàwó fún Bàbá ní ìbọ̀wọ́, kò gbà. Ó tún fún un, ó gbà. Wọ́n bu omi wọ́n gbogbo ojú òkúta. Ìyàwó mi agolo, ó fa fóòmù náà ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, kò ju ìka àárín lọ, bí ẹni fa àtíkè sí ọrùn ọmọ. Wọ́n gbé òkúta lé e. Bàbá yọ ìwọ̀n.

“Ó gún régé,” ó ní, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

“Kò gbọ́dọ̀ gún, Bàbá wa.”

“Kí lo wí?”

“Ẹ jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ síwájú díẹ̀, kí omi lè mọ ibi tó ń lọ. Ìwọ̀n irun mẹ́ta péré.”

Ọdún mẹ́tàlélógójì! Èèyàn kan wá ní kó mọ̀ọ́mọ̀ gbé òkúta sílẹ̀ láìgún. Mo rí i bó ṣe mí kanlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú Ètè, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́. Hóró afẹ́fẹ́ sún sẹ́yìn díẹ̀. Díẹ̀ báyìí.

“Ó tó,” ni ìyàwó wí.

“Ṣùgbọ́n á tún dìde.”

“Ó lè dìde o. Nílé, igi la máa fi ń ti férémù títí yóò fi gan. Òkúta ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tì.”

Ojú Bàbá là. “Èyí ò le. Ohun tó bá fẹ́ dìde, ẹ di ẹrù rù ú!” Ó yà sẹ́yìn ilé, òun àti olùtọ́jú àgbàlá, wọ́n kó búlọ́ọ̀kù mẹ́ta wá, wọ́n gbé wọn lé Ètè. Wọ́n tún gbé garawa omi méjì lé àwọn òkúta ìsàlẹ̀. Bàbá ń gbé ìwọ̀n síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Èmi náà ń sáré jáde wò ó láàárín aláìsàn kan sí ìkejì. Hóró afẹ́fẹ́ kò yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n fi í sí.

Ó ku àwọ̀ ìyeyè tó ń ba ojú ibẹ̀ jẹ́. Kí fóòmù tó gbẹ, bó ṣe ṣì ń lẹ̀ mọ́wọ́, Bàbá ti lọ ṣa yẹ̀pẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ tó jọ àwọ̀ àwọn òkúta ńlá, ó ń fọ́n ọn, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Iṣẹ́ tí ìyàwó ò lè ṣe nìyẹn. Ojú àgbà ló ń ṣe irú rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ẹ ò lè mọ̀ pé fóòmù wà níbẹ̀.

Ṣíbí ló kọ̀ tí kò jáde. Ìyàwó gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fà á, kò mì. “Fi í sílẹ̀,” ni Bàbá wí.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n kó ẹrù kúrò, wọ́n ṣan òkúta, wọ́n gbọ́n omi ìṣanlẹ̀ dànù, wọ́n pọn omi tuntun dé ìlà ṣọ́ọ̀kì, wọ́n sì kó ẹja padà sínú rẹ̀. Bàbá tan pọ́ǹpù. Omi gòkè. Ó dé ìdí Ètè, ó dúró. Mi ò mí. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ bí aṣọ sórí òkúta, ó gba etí rẹ̀, ó já bọ́!

Ẹ ò mọ bí ìró rẹ̀ ṣe rí. Ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ káàdì níbẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí. Ọkùnrin kan tó ń pariwo sínú fóònù rẹ̀ dákẹ́, ó yíjú síbẹ̀, ó wá ní kí ẹni tó wà lódì kejì dúró ná.

Ṣùgbọ́n ìró kọ́ ni Mátírọ́ọ̀nù fẹ́ wọ̀n. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, fèrè lọ́rì dún lẹ́nu géètì. Mátírọ́ọ̀nù jáde, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sétí adágún. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ̀n wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ìyàwó dúró ti Bàbá. Mátírọ́ọ̀nù fi ìka sí abẹ́ ìlà. Ó tún fi í síbẹ̀. Omi ti fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì ìka.

“Bàbá,” ó ní láìgbójú sókè, “ta ló mu èyí?”

“Ẹja ni.”

Mátírọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó nu ìka rẹ̀ gbẹ, ó lọ sẹ́nu géètì, a sì gbọ́ tó ń sọ fún awakọ̀ pé kó gbé yẹ̀pẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí ẹrẹ̀ ti máa ń mú ọkọ̀.

Bàbá rọra jókòó. Obìnrin kan tó wà lórí bẹ́ǹṣì kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú báńdéèjì, ń wo omi náà láìṣẹ́jú.

“Iṣẹ́ yìí dára o,” ó ní. “Bírìkìlà wo ló ṣe é?”

Bàbá Gún-Régé la ẹnu. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì dúdú, ó wá pa ẹnu náà dé.

“Ìyàwó mi tó dúró yẹn,” ó ní. “Abẹ́ òkúta niṣẹ́ tiẹ̀ wà, ẹ ò lè rí i. Òun ni bírìkì, èmi kàn jẹ́ ọ̀dà ni.”

“Bàbá wa!” ni ìyàwó wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí kò sọnù nínú àpò rẹ̀.

Ṣíbí ọjọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan ti ń bà lé ọwọ́ igi rẹ̀, á bu omi mu, á fò lọ. Oòrùn ti ń jẹ fóòmù ìdí rẹ̀, ìwúwo ẹyẹ náà sì ti ń tẹ̀ ẹ́ sápá kan, kò gún mọ́ rárá. Bàbá ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó bá wá jókòó, kò sì tíì yọ ìwọ̀n sí i.